Ọ̀nà Tí Ọ̀rẹ́ Mi Gé

Ẹ má sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Mo ti gbọ́ àwáwí yẹn títí, ó ti sú mi. Kọ̀ǹpútà kì í dalẹ̀. Èèyàn ló ń dalẹ̀, ẹni tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà ní Àgọ́-Ìwòyè ló sì dalẹ̀ mi.

Yàrá kan la jọ gbà lẹ́yìn tí a parí yunifásítì, a sì jọ ń kọ́ ẹ̀rọ tí yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará etí ọ̀sà, tí yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé ẹ̀rọ gbọ́, ó kọ ọ́, ó parí. Rárá o. Bí èèyàn bá sọ gbólóhùn kan, gbogbo ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ni ẹ̀rọ máa tò kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kan á já sí òmíràn bí ọ̀nà oko ṣe ń pàdé ara wọn. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, ó mọ ibi tó lè yà sí, ó sì mọ bí ọ̀nà náà ṣe dá a lójú tó, ṣùgbọ́n kò rántí ibi tó ti ń bọ̀. Bí ọ̀nà bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ á wúwo, a ó wá gé àwọn tí kò dá a lójú. Ìdí nìyẹn tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi ṣàdéhùn: ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ gé ọ̀nà kankan àfi tí àwa méjèèjì bá jókòó, tí a sì gbọ́ ohùn ẹni tó sọ̀rọ̀.

Ohùn tó jẹ mí lógún jù ni ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Màmá Efire, tí a ń fi orúkọ ìlú rẹ̀ létí ọ̀sà pè. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ ìkórè ní ìjọ Aládúrà tó ń lọ, ó máa ń jẹ́rìí bí ọkọ̀ ṣe dojú dé mọ́ òun àti ọkọ rẹ̀ lórí ọ̀sà. Ọkọ kò jáde. Àwọn ẹbí ọkọ ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ó jọ̀wọ́ ọmọ àwọn kó lè gba ara rẹ̀ là. Ẹ̀rí yẹn ni èsì rẹ̀ fún wọn. Tó bá dé ibi tí ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé, "Àjẹ̀ ọkọ̀ ni kó o dì mú, fi mí sílẹ̀, àwọn ọmọ ń bẹ nílé," ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, gbogbo ìjọ á sì na etí sí i.

Mo gba ohùn yẹn sílẹ̀ lọ́dún kan. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun tún un ṣe, torí akọ̀wé ìjọ kan ti kọ ọ́ sínú ìwé ìkórè rí, ó sì fi àdúrà tí òun kò gbà há a láàárín. Mo ṣèlérí. Kò pẹ́ ni rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀, ó sì mú un lẹ́nu. Nígbà tí ìkórè tún ń bọ̀, ó ránṣẹ́ pé kí n wá bá òun ka ẹ̀rí náà fún ìjọ.

Ǹ bá fi etí ara mi kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí ìjọ rí iṣẹ́ ọwọ́ wa, la bá gbé ohùn náà fún ẹ̀rọ. Ibi tí ohùn Màmá ti lọ sílẹ̀ yẹn, ọ̀nà tí ẹ̀rọ tò síbẹ̀ pọ̀ jàǹtìrẹrẹ, kò sì sí èyí tó dá a lójú. A jọ fi àmì síbẹ̀ pé ká má fọwọ́ kàn án. Ibà wá gbé mi dè, mo ní kó bá mi parí ìyókù. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbé ìwé lé mi lọ́wọ́, orin ìkórè ti ń lọ nínú ilé.

Mo ń kà á, Yorùbá ń dán bí ti oníròyìn, kò sí ohùn Efire kankan níbẹ̀. Ara ti ń fu mí. Mo wá kà pé: "Ọkọ̀ dojú dé. Mo di àjẹ̀ mú. Mo fi ọkọ mi sílẹ̀." Ọpẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ọkọ kò sí níbẹ̀ rárá. Mo sáré fẹnu ara mi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìjọ ti rí i pé mo gbójú kúrò nínú ìwé. Àbúrò ọkọ Màmá tó jókòó níwájú wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Níta, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi ṣí gbogbo ọ̀nà tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó ní òun ti gé ìyókù, ẹyọ kan ló kù. Ohùn ńkọ́? Ó ti pa á rẹ́, kí ẹ̀rọ lè fúyẹ́, kó lè wọ inú fóònù.

"Ibi tó ń kùn bẹ́ẹ̀," ó ní, "ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?"

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni o, kì í ṣe àjèjì sí ẹnu wa, ẹni tí Màmá yìí ti se ẹja fún jẹ! Ó gbàgbé ibi tó ti ń bọ̀, bíi ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, mo sọ ọ́ sí i lójú, mi ò sì tíì kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá nílé rẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀: pé èmi kọ́, pé ọ̀rẹ́ mi ni, pé ó dà mí. Ó gbọ́ mi tán. Ó pẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tó lè kó ọ̀rọ̀ jọ.

"Ọ̀rẹ́ rẹ kọ́ ni mo gbé ohùn mi fún," ó ní. "Ìwọ ni."