Dókítà Tó Ní Orí Mi Dàrú

Mo rántí bí ẹnu ṣe máa ń gbẹ mí lọ́dún tí bàbá mi mú mi lọ bá dókítà ọpọlọ ní Lọ́kọ́jà. Wọ́n bí mi lọ́mọbìnrin, ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ọkùnrin ni mí. Dókítà náà kò bi mí ju ìbéèrè mẹ́ta lọ tó fi kọ ọ́ sínú fáìlì pé orí mi dàrú, ó sì fún mi ní oògùn tó sọ ọrùn mi di igi. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò gbọ́, ó ní kí n má padà wá mọ́. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba, ará Kàbà, kò dáhùn ìkíni mi mọ́ títí ó fi kú. Èmi náà, ọlọ́gbọ́n lójú ara mi, gba dókítà gbọ́: mo ń gbé oògùn mì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, mo ń dúró kí n di obìnrin kí Kérésì tó dé.

Kérésì dé, ó kọjá, ọkùnrin ni mo ṣì jẹ́. Mo da oògùn nù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sí àdúgbò Gadumo ní Lọ́kọ́jà kan náà. Níbẹ̀ ni mo ti ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ ń jà lé lórí. Àwọn kan ní kí wọ́n yọ irú wa kúrò nínú ìwé àgbáyé tí àwọn dókítà fi ń to àrùn, torí orúkọ àrùn ló ń ba ayé wa jẹ́. Àwọn mìíràn ní bí kò bá sí nínú ìwé rárá, ta ni yóò tọ́jú ẹni tó ń wá ìtọ́jú? Níkẹyìn, wọ́n yọ ọ́ láàárín àrùn ọpọlọ, wọ́n gbé e sí abala mìíràn kí ọ̀nà ìtọ́jú má bàa dí. Mo sunkún nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn náà, inú bí mi.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Dókítà yẹn fúnra rẹ̀ ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tó kọ fáìlì mi, pé kí n bá òun tẹ ọ̀rọ̀ tí òun máa sọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ òun, torí òun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Kò dá mi mọ̀.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣe é kó dára o.”

Mo kà á. Aláàrùn ọpọlọ ló ṣì ń pè wá, ó ní ìwé àgbáyé ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan péré látẹnu mi ni ì bá yọ ọ́ nínú ìtìjú. Mi ò sọ ọ́. Bébà tó dára jù ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Mo lọ jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Bó ṣe kà á débẹ̀, dókítà obìnrin kan tí kò dàgbà rárá dìde.

“Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ti yí ìwé yẹn padà tipẹ́. Ṣé ẹ ò tíì rí i ni?”

Ẹ̀rín sọ. Ó ká bébà rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó ń jáde, mo dúró níwájú rẹ̀, mo sọ orúkọ obìnrin tó kọ sínú fáìlì mi fún un. Ó wá dá mi mọ̀.

“O mọ̀ pé mo ṣì í kọ, o ò sì sọ fún mi?”

“Ẹ ò bi mí, sà.”

Àdúgbò Nátakò ni dókítà náà ń gbé báyìí. Ó ti ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lọ. Pásítọ̀ wa ní ti Olúwa ni ẹ̀san, mo sì ṣe àmín. Mo mọ̀ pé èmi tí mo dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ẹni rere, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀. Ìtìjú ọ̀sán kan péré ló jẹ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ tèmi. Lójú mi, kò tíì tó.