Wọ́n Ní Ẹja Mi Ló Kó Iyè Ìyá Mi Lọ

Ẹja ni mo ń fi ṣe ìwádìí. Ẹja kékeré ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ilà dúdú sì wà lára rẹ̀ láti orí dé ìrù. Mo máa ń kọ́ wọn ní ọ̀nà ibi tí oúnjẹ wà nínú omi. Bí wọ́n bá darúgbó, màá wo àwọn tó ti gbàgbé ọ̀nà náà, kí n lè mọ ohun tó ń bàjẹ́ nínú ọpọlọ ẹni tó ń ṣarán. Yunifásítì ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ọba ń ṣe ségesège, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi wọn sì ń kú lójoojúmọ́, ni mo bá kó àwọn arúgbó inú wọn wá sí yàrá ẹ̀yìn nílé mi ní Kétu, níbi tí mo ti ní sólà.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi ń gbé. Òun náà ti ń ṣarán. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀, ìmọ̀ náà kò sì ṣe mí lóore kankan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ògì fún un, ó tì í sẹ́yìn. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní yẹtí góòlù mi. Ẹ̀yin lẹ jí i."

"Ẹ" yẹn dùn mí ju olè tó pè mí lọ. Láti ọjọ́ tó ti bí mi, kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo wá yẹtí náà títí, inú ike gàrí ni mo ti rí i, níbi tí òun fúnra rẹ̀ fi pamọ́ sí. Nígbà tí mo fún un, ó ní ẹ̀rù ló bà mí ni mo ṣe dá a padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní Owódé Onírin, máa ń wá kí i ní Sọ́ńdè. Bó bá ti dé, ojú ìyá wa á là. Á mọ̀ ọ́n, á béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá rojọ́ mi.

"Obìnrin yìí ń tì mí mọ́lé. Ó ń jí ẹrù mi."

Lóòótọ́ ni mo ń ti géètì, nítorí pé ó ti rìn dé Mile 12 rí, tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́.

"Bọ̀dá, àìsàn ló ń sọ̀rọ̀," ni mo wí.

"Àìsàn wo? Ẹni tó mọ̀ mí, tó mọ àwọn ọmọ mi?"

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó kan ní ilé kejì sí tiwa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ń bá ẹja sọ̀rọ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó dúró ti omi náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Iyè ìyá wa lo kó sínú ẹja wọ̀nyí."

Ẹni tó kàwé bíi tèmi ni, mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó tún wá, mo ti lọ sọ́jà. Mo padà dé, òórùn bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹja mi ló ti léfòó, ikùn wọn dojú kọ òkè. Kò sí ìyá mi, kò sí ẹrù rẹ̀. Ìyàwó ilé kejì ń ṣa ẹ̀wà níta, kò gbójú sókè wò mí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. "Ẹ pa iṣẹ́ mi."

"Mo gba ìyá mi là."

"Ẹ máa ti géètì yín o, Bọ̀dá."

"Èmi kì í ti ìyá mi mọ́lé," ó sì pa fóònù.

Òjò ọdún náà kò tíì dá tí ìyá wa fi pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lólè. Nígbà tó yá, kò mọ ẹ̀gbọ́n mi náà mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé kí n máa bọ̀ ládùúgbò òun ní Ojota kíákíá.

Mo bá wọn lẹ́bàá títì. Ìyá wa ti jáde nílé láìwọ bàtà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fà á padà sílé, ìyá wa ń gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ń sọ fáwọn èèyàn pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn agbèrò ti fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn aṣọ, wọ́n ní ajínigbé ni. Ọ̀kan nínú wọn bi mí léèrè, "Aunty, ẹ mọ ọkùnrin yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Mo kọ́kọ́ bọ́ ìborùn mi, mo fi bo ìyá mi, mo nu ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò kánjú. Ìgbà tí mo ṣe tán ni mo dáhùn.

"Ọmọ rẹ̀ ni," ni mo wí. Wọ́n tú u sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi ti sùn lọ́jọ́ náà, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Mo ti gba ẹja mìíràn sínú yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọdé ni wọ́n. Ẹja kì í tìtorí ẹni darúgbó kíákíá, mo ní láti dúró dè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń wá ní Sọ́ńdè. Mo máa ń bu oúnjẹ fún un. Kò tíì bẹ̀ mí, mi ò sì retí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà nílé, ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn ni mo máa ń gbé àga mi sí.