Igi Inú Oko Àyálò

Ilẹ̀ tí èmi àti ọkọ mi ń ro nígbà náà, a yá a ni. Ó wà lẹ́yìn Mọníyà, ní ọ̀nà abúlé kan tí mọ́tò kì í lè dé bí òjò bá rọ̀. Bàbá tó ni ilẹ̀ náà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Onílẹ̀, kì í yọ ènìyàn lẹ́nu. Lọ́dọọdún, bí a bá ti wa iṣu, a ó ṣa èyí tó dára jù nínú rẹ̀, a ó fi kẹ́ẹ̀gì epo kan tì í, a ó gbé e lọ bá wọn ní ìṣákọ́lẹ̀. Wọn a gbàdúrà fún wa, wọn a ní kí a jókòó jẹun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n bá wa sọ lọ́jọ́ tí wọ́n fi ilẹ̀ hàn wá. Wọ́n ní, "Ẹ gbin ohun tó bá wù yín, kí ẹ sáà má gbin igi."

Ẹni tó bá dàgbà ládùúgbò wa kò ní béèrè ìdí. Ẹ̀gẹ́ a máa tán nílẹ̀, àgbàdo a máa tán, ẹ̀wà a máa tán, ilẹ̀ a sì padà di ti ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n igi kì í tán. Ẹni tó bá gbin ọsàn tàbí obì sórí ilẹ̀ ẹlòmíì, ọmọ rẹ̀ á máa tọ́ka sí i pé bàbá mi ló gbìn ín, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á gbé e dé kóòtù. Nítorí náà, bí ẹni tó yá ilẹ̀ bá ti ri igi bọlẹ̀, onílẹ̀ á gbà pé ó ti ń wá ọ̀nà àtigba ilẹ̀ nìyẹn, wọ́n á lé e kí gbòǹgbò tó mú. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ènìyàn. A kàn mọ̀ ọ́n ni.

Odò kan ṣàn kọjá nísàlẹ̀ oko wa. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìyàwó dé abúlé yẹn, a máa ń rí omi rẹ ẹ̀gẹ́ nínú rẹ̀ lójú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Nígbà tó yá, àwa tí à ń fi igi yan gàrí, àwọn tó ń sun èédú lọ tà ní Ṣáṣá, gbogbo wa gé igi etídò tán, odò wá di ẹrẹ̀. Àwa obìnrin la kọ́kọ́ dìde sí i. A dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, à ń kó pàǹtí kúrò lójú odò, à ń gbá ọ̀nà, à ń bá ẹni tó bá da ìdọ̀tí síbẹ̀ jà. Nítorí pé mo kàwé díẹ̀, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé, oyè náà sì dùn mọ́ mi. Èmi ni mo gba Mọníyà lọ bá àwọn ará kánsù pé kí wọ́n wá bá wa gbin igi. Etídò ni mo ní lọ́kàn. Ibẹ̀ kì í ṣe oko ẹnì kan, gbogbo abúlé ló ni ín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá, a ta kánópì síwájú ilé ìwé, a to bẹ́ǹṣì, àwọn ọmọ iléèwé kọrin títí ohùn wọn fi há. Ọkọ̀ kan kó ọmọ igi mẹ̀láínà dé, oníkálukú nínú ọ̀rá dúdú tirẹ̀. Baálé jókòó níwájú, Bàbá Onílẹ̀ jókòó tì wọ́n. Ọ̀gá tó ti kánsù wá sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní ìjọba ló ni gbogbo ilẹ̀, pé ẹni tó bá tọ́jú ilẹ̀ ni ilẹ̀ mọ̀ ní olówó orí rẹ̀. Mo rí i tí Bàbá Onílẹ̀ dá obì ẹnu wọn dúró, tí wọn kò jẹ ẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò. Ọ̀gá wo ẹrẹ̀, ó wo bàtà funfun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo onífótò. Ó ní ta ni yóò rí igi níbí? Ó ní ibi tí èrò ọ̀nà á ti rí i ló yẹ kó wà. Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀bá títì, ó béèrè pé ta ló ni oko tí wọ́n ro mọ́ tónítóní yẹn.

Gbogbo àwọn obìnrin dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ti akọ̀wé wa ni. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo ní kí a ṣáà gbìn ín sí etídò, pé mo ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Madáàmù, ṣé ẹ̀yin tí ẹ wá pè wá náà ni ẹ kò fẹ́ igi mọ́?"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo wẹ̀yìn, ọkọ mi dúró láàárín àwọn ọkùnrin, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ pé kí n má dán an wò. Bí mo bá gbin igi yẹn, kí ni a ó jẹ lọ́dún tó ń bọ̀? Bí mo bá sì ní n kò gbìn ín, n ó sọ ìdí rẹ̀, ìdí náà ni pé Bàbá Onílẹ̀ kò gbà. Ta ni yóò dárúkọ àgbà bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọba, lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa ilẹ̀? Ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa, tí òun ń ro ilẹ̀ bàbá ọkọ tirẹ̀, fi ìgúnpá gún mi.

"Gbìn ín jàre. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kó igi wọn padà ni?"

Mo gba ọmọ igi kan, omi inú ọ̀rá rẹ̀ ń jò sí mi láṣọ. Mo gbé e, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Onílẹ̀.

"Bàbá, àgbà kì í wà níbì kan kí ọmọdé gbin igi. Ẹ bá wa fi ọwọ́ yín gbìn ín."

Ariwo sọ. Onífótò sáré bọ́ síwájú. Bàbá dìde, wọ́n sì bá mi rìn dé oko. Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tí mo ń bá wọn ya ọ̀rá náà, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"O gbọ́n, ìyàwó. Igi mi ni o. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ó máa pọn omi fún un."

Ọ̀gá ní kí a kúkú gbin ìyókù síbẹ̀. Wọ́n gbìn ín ní ìlà-ìlà láàárín ẹ̀gẹ́ wa, Bàbá ń fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń pọn omi kànga fún igi onígi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ inú ilé yìí kò rí omi mu tó igi Bàbá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kúrò ní yẹ̀yẹ́, ó ní kí n jẹ́ kó kú. Mo ní lórí ta ni? Bó bá kú, gbogbo abúlé á ní àwa la da omi gbígbóná sí i. Ewúrẹ́ jẹ ọ̀kan nínú wọn rí. Bàbá wá, wọ́n wo gbogbo ìlà náà, wọ́n béèrè pé èwo ló kú, wọ́n sì lọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọkọ mi gé ẹ̀gún wá, tí a fi ṣe ọgbà yí ìyókù ká.

Mẹ̀láínà kì í pẹ́ dàgbà. Kò pẹ́ tí òjìji rẹ̀ fi bo ebè. Àwọn kánsù sì ń padà wá lọ́dọọdún, abẹ́ igi wọ̀nyẹn ni wọ́n ń ta kánópì sí báyìí, èmi ni mo ń dìde dúpẹ́ lórúkọ ẹgbẹ́. Àwọn obìnrin wá ń pè mí ní Ìyá Onígi. Mo ń jẹ́ wọn, mo ń rẹ́rìn-ín. N kò gbọdọ̀ gé ẹ̀ka kan níbẹ̀ láìgba àṣẹ.

Ní ọdún tí ẹ̀gẹ́ wa kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, a lọ dá ilẹ̀ padà. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní ilẹ̀ ti ṣe wá lóore, agbára ni kò ká a mọ́. Bàbá ti di arúgbó, wọ́n ń fi etí wá ibi tí ohùn wa ti ń jáde.

"Mo gba ilẹ̀ mi," wọ́n ní. "Igi mi ńkọ́? Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ọmọ mi tó wà ní Èkó ni?"

Ọkọ mi ní kí wọ́n wá ẹlòmíì síbẹ̀.

"Ẹlòmíì á gbin tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbìn."

Ni wọ́n bá fún wa ní ilẹ̀ mìíràn ní òdìkejì odò, ó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí a lè rí jẹ, kí a sì máa bojú tó igi. Wọ́n ní àwọn kò ní tún sọ fún wa pé kí a má gbin igi. A dúpẹ́. Kí la tún lè sọ? Lọ́nà ilé, ọkọ mi ní bí a bá tún lọ dá èyí náà padà, wọn á kó gbogbo abúlé fún wa.

Nígbà tí a kọ́kọ́ ń ro ilẹ̀ tuntun náà, mo bá ọmọ máńgòrò kan tó ń yọ láàárín koríko. Ẹnì kan ló ti jẹ máńgòrò kọjá níbẹ̀ tó sọ kóró rẹ̀ sílẹ̀. Ewé rẹ̀ ṣì pupa, ó ń dán. Mo fà á tu. Lẹ́yìn náà ni mo gbójú sókè, mo wò yíká bóyá ẹnì kan rí mi. N kò mọ ẹni tí mo ń bẹ̀rù jù, Bàbá Onílẹ̀ ni, tàbí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi tó ń pè mí ní Ìyá Onígi.