Omi Tó Wà Lọ́nà Eérú

Ẹjọ́ kan wà nínú agbo ilé tí mo gba yàrá sí ní Nima, ní Gáànà, tí kò tán. Àwọn ìyàwó méjì tí Àlàájì onílé fi sílẹ̀ ni wọ́n ń bára wọn ṣe é. Àlàájì ti kú kí n tó kó débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò bá a kú.

Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì, sọ pé nígbà tí òun ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ọkọ òun mú òun lọ wo omi ńlá kan tó ń já bọ́ láti orí àpáta, nínú igbó ìjọba tí àwọn èèyàn ń lọ ṣeré, àwọn méjèèjì nìkan. Ìyá Àgbà, ìyálé rẹ̀, sọ pé irọ́ ni.

"Bàálé mi tí mo mọ̀?" Báyìí ló máa ń wí. "Ẹni tí kò mú mi dé etí òkun rí, tó sì jẹ́ pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ọjà Makola?"

Ọṣẹ dúdú ni Àlàájì ń sè tà, èyí tí àwọn ará Gáànà ń pè ní ọṣẹ Àlàtà, nítorí pé Àlàtà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Eérú èèpo kòkó ló fi ń sè é, àwọn abúlé olóko kòkó ló sì ti ń lọ ra eérú náà. Ìyá Kékeré ní ọjọ́ kan tí ọkọ òun ń lọ ra eérú ló ní kí òun bá a lọ. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ta ló ń gbé ìyàwó tuntun lọ ra eérú? Ṣé eérú ni yóò fi ṣe àtíkè fún un ni?"

Gbogbo ilé á wá rẹ́rìn-ín. "Ìyá Olómi" ni wọ́n ń pe Ìyá Kékeré. Bó bá ní tòmátì ti wọ́n lọ́jà, ẹnì kan á bi í bóyá irú ọ̀wọ́n náà dà bí omi yẹn. Bó bá ní orí ń fọ́ òun, wọ́n á ní kó lọ fi omi yẹn bọ́jú.

Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé pátápátá. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kó lọ nígbà tó kan ilẹ̀kùn mi.

"Oníròyìn," ó ní, "mi ò ní gbé orúkọ òpùrọ́ kúrò ní Gáànà. Mo fẹ́ padà síbi omi yẹn, kí ìyálé mi fi ojú ara wọn rí i. Ìwọ ni kó o wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun tó bá ti ẹnu rédíò jáde nìkan ni wọ́n ń gbà gbọ́ nínú ilé yìí."

Mo ní, "Ìyá, ilé iṣẹ́ wa kì í gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀."

"Ẹ gbé ti ewúrẹ́ tó wọ báńkì."

Òótọ́ ni. A gbé e, a tún tún un gbé nírọ̀lẹ́.

Mo rò pé Ìyá Àgbà yóò kọ̀ jálẹ̀. Kò kọ̀. Ó kàn ń wé gèlè rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ. Mo ti rí irọ́ tó dúró, mo ti rí irọ́ tó jókòó. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo irọ́ tó ń ṣàn."

Ọkọ̀ takisí la háyà. Ìyá Àgbà ló jókòó níwájú, nítorí pé òun ni ìyálé. Kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo àwọn ará Gáànà, àti ẹja díndín wà nínú kúlà lórí ẹsẹ̀ mi. Jálẹ̀ gbogbo ọ̀nà, bí a bá ti kọjá odò kékeré tàbí kòtò omi lẹ́bàá títì, Ìyá Àgbà á yíjú sẹ́yìn, á ní, "Ìyàwó, ṣé ibí ni?"

Ìyá Kékeré á ní, "Ibí kọ́, ìyálé mi." Bẹ́ẹ̀ ló ń dáhùn títí, láìbínú.

Lẹ́nu ọ̀nà igbó náà, wọ́n fún wa ní amọ̀nà kan, ọkùnrin tó dira bíi sójà, tó mú ọ̀pá dání. Kò pẹ́ tí a rìn tí a fi dé ibi omi. Èrò tó wà níbẹ̀ tó èrò ọjà. Ẹ̀rọ orin ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń sọ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lu ara wọn. Tọkọtaya kan wọ aṣọ ìgbéyàwó, wọ́n ń ya fọ́tò, omi sì ti wọ bàtà ọkọ ìyàwó dé ojúgun.

"Omi rèé," Ìyá Àgbà wí. "Mo ti rí i. Ẹ jẹ́ ká jẹun ká máa lọ."

"Èyí kọ́," Ìyá Kékeré dáhùn. "Èyí tí kò sí èèyàn ni."

"Ṣé wọn ò tíì dá èèyàn sí Gáànà nígbà yẹn ni?"

Mo bi amọ̀nà wa, ó sì jẹ́rìí sí i pé òmíràn wà lókè. Ó ní ọ̀nà rẹ̀ jìn, ó ga, àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wo àwọn ìyá méjèèjì, ó fi èdè Twi sọ pé, "Màmá, kò dáa fún orúnkún àgbà."

Àwọn méjèèjì gbọ́ Twi ju òun gan-an lọ. "Orúnkún ìyá ta ni?" Ìyá Àgbà bi í. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lọ́jọ́ náà.

Bí a ṣe fẹ́ gbéra, wàhálà tún dé. Amọ̀nà bọ́ síwájú. Ìyá Àgbà fi agbòòrùn rẹ̀ dá a dúró.

"Níbo lò ń lọ?"

"Màmá, èmi ni mo mọ ọ̀nà."

"Ìyálé ló ń ṣíwájú. Lẹ́yìn ìyálé, ìyàwó. Ọdún wo ni bàálé mi fẹ́ ìwọ?"

Amọ̀nà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Báyìí la ṣe tò: Ìyá Àgbà tó ní òun kò débẹ̀ rí ló wà níwájú, Ìyá Kékeré tó ní òun mọ ọ̀nà tẹ̀ lé e, èmi tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú kúlà lórí, ẹni tí ìjọba ń sanwó fún láti mọ ọ̀nà ló sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀yìn ló ti ń ké pé ká ṣọ́ra fún òkúta tí a ti tẹ̀ kọjá.

Òkè náà le. A ń di gbòǹgbò igi mú gòkè. Ìyá Kékeré ń darí láti ẹ̀yìn: "Ìyálé mi, ẹ yà díẹ̀ sọ́tùn-ún. Ẹ má tẹ ibẹ̀ yẹn." Ìyá Àgbà ń dáhùn pé, "Mo lójú, mo lójú."

Níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, Ìyá Kékeré dúró láti yọ òkúta nínú sálúbàtà rẹ̀. Èmi náà sọ kúlà kalẹ̀. Amọ̀nà ṣì wà nísàlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀nà ọ̀tún mọ́, ó fẹ̀, ẹnikẹ́ni ni yóò gbà á. Ọ̀nà òsì jẹ́ ihò kan láàárín ewéko. Ìyá Àgbà kò bi ẹnikẹ́ni. Ó tẹ orí ba, ó wọ ọ̀nà òsì lọ.

Amọ̀nà dé, ó tọ́ka: "Òsì ni o."

"Wọ́n ti lọ," mo sọ fún un.

Mo sáré bá Ìyá Àgbà. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé ni kí n bi èèyàn ní ohun tí kò fẹ́ kí n bi òun. "Ìyá Àgbà, ta ló sọ fún yín pé òsì ni?"

"Ẹsẹ̀ òsì ló ń yún mi."

"Ìyẹn nìkan?"

"Gbé kúlà rẹ, oníròyìn. Kẹ́ńkè ò gbọdọ̀ tutù."

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ohùn omi náà. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí wa lójú, a sì yọ sí gbangba. Omi funfun gùn láti òkè dé ilẹ̀, ó ń hó nísàlẹ̀ bí ọṣẹ nínú agbada. Kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀ àfi àwọn àdán tó so rọ̀ mọ́ ara àpáta.

Ìyá Kékeré dúró. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Òun nìyí," ó ní. "Wàláhì, òun nìyí. Òkúta pẹlẹbẹ tá a jókòó sí nìyí. Ìyálé mi, ẹ wá wò ó. Oníròyìn, wò ó dáadáa. Ibí ni bàálé wa ti bọ́ bàtà. Wọ́n gbójú sókè báyìí, wọ́n ní..."

"Ta ló ń fọṣọ lókè yẹn?" Ìyá Àgbà wí.



Ìyá Kékeré yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. "Ìyálé mi, mi ò sọ ohun tí wọ́n wí yẹn fún ẹnì kankan rí. Ìyẹn nìkan ni mo fi pa mọ́ fún ara mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà."

Ìyá Àgbà ṣí agbòòrùn rẹ̀. Oòrùn kò sí níbẹ̀ rárá. Ó jókòó sórí òkúta pẹlẹbẹ náà, ó ń wo omi.

"Èmi náà ló ní kí n bá òun lọ ra eérú," ó ní.

"Ìgbà wo?"

"Kí o tó dé ilé wa. Ó ní èmi nìkan ni òun máa mú débí títí òun á fi kú. Ó ní kí n má sọ ọ́ síta, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun á máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ó sọ fún èmi pé èmi nìkan ló débí rí."

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ tó o ti kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ilé ni mo ti mọ̀."

"Kí lẹ wá ń pè mí ní òpùrọ́ sí láti ìgbà yẹn?"

Ìyá Àgbà pa agbòòrùn rẹ̀ dé. "Bó bá jẹ́ òótọ́ lò ń sọ, a jẹ́ pé bàálé mi ló purọ́ fún mi. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òpùrọ́. Mo rò ó, mo rí i pé ó sàn kó jẹ́ ìwọ."

Mo rò pé ìjà yóò bẹ́. Mo tiẹ̀ ti gbé kúlà kúrò láàárín wọn. Ṣùgbọ́n Ìyá Kékeré jókòó tì í lórí òkúta. Ó wá kígbe sókè sí ibi tí omi ti ń bọ̀: "Àlàájì! Ojú ń tì yín lọ́run àbí kò tì yín?"

"Kò ní tì í," Ìyá Àgbà wí. Òun náà gbé ohùn sókè. "Eléérú! Ẹlẹ́tàn! Ò ń fi òkúta kan ṣoṣo tan obìnrin méjì!"

Àpáta ń gbà á lẹ́nu wọn: òkúta kan ṣoṣo, kan ṣoṣo. Àwọn àdán tú ká. Amọ̀nà sáré yọ, ó ń fi ọ̀pá gbá ewéko sọ́tùn-ún sósì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́! A kì í gbàdúrà níbí láìgba àṣẹ ní ọ́fíìsì!"

"Ta ló ń gbàdúrà? Ọkọ wa là ń bá jà."

Ó wo ẹ̀yìn igi, ó wo inú omi. "Níbo ló wà?"

"Ó ti kú."

Amọ̀nà rọra padà sẹ́yìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. "Bàbá," ó sọ sí mi létí, "ṣé kí n pe ọ̀gá mi ni?" Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni.

Nígbà tí wọ́n bú u tó tẹ́ wọn lọ́rùn, ó rẹ̀ wọ́n. Ìyá Kékeré nu ojú, ó ní, "Kí Ọlọ́run ṣáà forí jì í."

"Àmín," Ìyá Àgbà dáhùn.

Amọ̀nà nàka sí wọn. "Èyí ńkọ́? Èyí kì í ṣe àdúrà?"

A fún un ní kẹ́ńkè. Ó dákẹ́.

Nígbà tí a fẹ́ máa padà, Ìyá Àgbà kò bọ́ síwájú. Ó fi agbòòrùn tọ́ka ọ̀nà. "Ìyàwó, máa ṣíwájú."

"Háà, ẹ̀yin ni ìyálé."

"Mo ní máa ṣíwájú. Ìwọ lo mọ ọ̀nà. Èmi ò débí rí."

Ìyá Kékeré rẹ́rìn-ín títí tí mo fi dì í lọ́wọ́ mú kó má baà ṣubú sómi. Ó ṣíwájú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tí kò débẹ̀ rí kò dákẹ́: "Rọra! Ibẹ̀ yẹn ń yọ̀! Yà fún gbòǹgbò yẹn!" Amọ̀nà gbìyànjú láti bọ́ sáàárín wọn. Àwọn méjèèjì ló pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà: "Padà sẹ́yìn, ìyàwó kékeré!"

Gbogbo ilé ti pé sí àgbàlá nígbà tí a dé Nima. Wọ́n yí mi ká. "Oníròyìn, kí lo rí? Ṣé omi náà wà?"

Mo la ẹnu. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ gbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ló bi oníròyìn? Èmi ni kí ẹ bi. Omi náà wà. Òkúta tí ó ní àwọn jókòó sí wà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ láti ọjọ́ yìí. Ẹni tó bá tún pè é ní Ìyá Olómi, èmi ló ń pè bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó ilé kan, èyí tó lẹ́nu jù nínú wọn, ní, "Ìyá Àgbà, a gbà pé omi wà. Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé Àlàájì ló mú wọn débẹ̀?"

"Mo mọ ọkọ mi," Ìyá Àgbà dáhùn. Ẹja díndín tí Ìyá Kékeré ń jẹ lọ́wọ́ há a lọ́fun, ó sì wúkọ́ títí wọ́n fi bu omi fún un.

Lọ́jọ́ tí Ìyá Kékeré ń lọ, a sìn ín dé ibùdókọ̀. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì nígbà tí Ìyá Àgbà fi agbòòrùn kan fèrèsé. Ó ní, "Ìyàwó, bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ bá bi ọ́ pé kí lo ń ṣe ní Gáànà látọjọ́ yìí, kí lo máa sọ?"

Ìyá Kékeré yọ orí jáde. "N ó ní mo bá ìyálé mi lọ ra eérú."