Dókítà Kílípà Kó Oògùn Ìyàwó Rẹ̀ Pamọ́

Agẹrun ni ọkọ ọmọ mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ilé adìẹ lọ: àga kan, dígí kan tó ti sán, àti bẹ́ǹṣì tí àwọn tí kò níṣẹ́ ń jókòó sí láti àárọ̀. Orí fífọ́ ni wọ́n gbé dé o, inú rírun ni o, ó ti ní ìdáhùn lẹ́nu. Wọ́n wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Dókítà Kílípà. Ó rò pé oyè ni, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn.

Ìjàpá inú àlọ́, bó ti burú tó nì, ó kúkú mọ ìgbà tó bá ń purọ́. Tàna mi le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó gba ara rẹ̀ gbọ́.

Aránṣọ ni ọmọ mi, ó sì ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó tó lóyún. Nígbà tí oyún dé, wọ́n ní nílé ìwòsàn kó fi oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, pé irú ìyẹn lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́, wọ́n sì fún un ní òmíràn tó bá aboyún mu. Ó lò ó, ó bí ọmọbìnrin láyọ̀, wọ́n ní kó máa lò ó lọ. Gbogbo ohun tí Dókítà Kílípà rí he nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń pa ọmọ lára.

Bí wọ́n ṣe gbé ìkókó délé, ó kó oògùn náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó dà á sínú agolo páúdà.

“Ohun tí ìyá bá gbé mì, ọmú ló ń bá jáde,” ló ń wí fáwọn ará bẹ́ǹṣì. “N ò ní jẹ́ kí wọ́n fi oògùn bọ́ ọmọ mi!”

“Dókítà!” ni wọ́n ń pariwo. Ó wú bíi búrẹ́dì.

Oorun ń pa ọmọ mi, kò lágbára àtibá ọkọ rẹ̀ jà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fi òwú wá ihò abẹ́rẹ́, kò rí i.

“Màámi, orí ń fọ́ mi. Abẹ́rẹ́ ti di méjì lójú mi.”

“Oògùn ẹ ńkọ́?”

“Bàbá Ìkókó ló kó o.”

Mo pọn ọmọ, ó di ṣọ́ọ̀bù.

“Àna wa, ẹ kú iṣẹ́. Oògùn ìyàwó yín dà?”

“Màámi, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ ni mò ń dáàbò bò.”

“Bí ìyá rẹ̀ bá ṣubú lulẹ̀, kílípà yín ni ọmọ yóò máa mu?”

Ará bẹ́ǹṣì kan bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí àna wa ti ṣọ́ọ̀bù, kó wá bá mi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, ó rí i pé ó ti ga jù, ó sáré pe dókítà. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì dá a dúró. Ìgbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó kọjú sí wa.

“Bàbá Ìkókó, ta ló ní kó dá oògùn dúró?”

Dókítà Kílípà wo òrùlé. “Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀rẹ́ wo? Ojo ọkùnrin!

“Ẹ bá mi sọ fọ́rẹ̀ẹ́ yín,” ni nọ́ọ̀sì dáhùn, “pé bíńtín lèyí tó ń wọ inú wàrà, kì í ṣe ọmọ ní nǹkan. Àwọn oògùn ò rí bákan náà, ìdí nìyẹn tá a fi ń ṣà wọ́n. Ẹ̀yìn ìbímọ gan-an lẹ̀jẹ̀ tún lè ga, ìgbà yẹn lẹ wá mú oògùn kúrò. Ṣé ẹ ò lè wá bi wá ni?”

Ọmọ mi na ọwọ́ gba ìkókó, ó fi ọmú sí i lẹ́nu, ó gba oògùn tuntun lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

“Bàbá Ìkókó, ẹ bá mi bu omi wá.”

“Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe pé…”

“Omi ni mo ní.”

Ó dìde, ó ń wá ife kiri wọ́ọ̀dù. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo pòṣé.