Ìyá Mi Kò Jẹ́ Kí N Da Ẹ̀ka Fúláwà Nù

Lọ́dún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, pálọ̀ mi ní Ọ̀wọ̀ ti di igbó. Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Nígbà yẹn, olùkọ́ tí kò bá ní fúláwà nínú pálọ̀, ará oko ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì àdúgbò wa fún mi. Mo tì í bọ inú ìgò omi, ó ta gbòǹgbò, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ẹ̀ka kiri nìyẹn. Kí n tó mọ̀, èyí tó ń fà ti gba ara wáyà iná dé àjà, pẹ̀rẹ́gún ti bo ojú fèrèsé, èyí tó léwé bí etí erin ti gba àga mọ́ ọkọ mi lọ́wọ́. Bí a bá fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n, àfi ká kọ́kọ́ fọwọ́ yẹ ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀fọn wá ń pa wá jẹ.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa lásìkò náà. Egbò kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n ń lọ wẹ̀ ní ọsibítù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni egbò náà fẹ́ jinná, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì sá padà sí oko wọn ní Ìdógùn, tó tún là. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní bó bá tún là, àfàìmọ̀ kí àwọn má gé ẹsẹ̀ náà. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n dá ìyá mi dúró sí Ọ̀wọ̀ lọ. Hàáà, iṣẹ́ ńlá! Bílẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á ní, "Ìgbà wo ni mò ń lọ ilé?"

Ní Sátidé kan, mo mú àlùmọ́gàjí, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo já èyí tó ń fà kúrò lára wáyà, mo bẹ́ pẹ̀rẹ́gún lórí, mo gé gbogbo ohun tó yọjú. Mo kó o jọ sórí ìwé ìròyìn lẹ́nu ọ̀nà, mo ní bí mo bá ti ọjà dé, ààtàn yá. Ìmọ́lẹ̀ wọ pálọ̀. Orin ni mò ń kọ lọ sọ́jà.

Nígbà tí mo dé, ìyá mi ti jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n ń gé àwọn ẹ̀ka náà kéékèèké bí igi ẹ̀gẹ́, wọ́n ń gbìn wọ́n. Agolo mílíìkì, agolo tòmátì, abọ́ tó ti sán, àní ìkòkò tí mo fi ń se ẹ̀wà! Pẹ̀rẹ́gún kan ti di mẹ́rin.

"Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ohun tó lè hù lo fẹ́ dà nù?" Wọn ò tilẹ̀ wojú mi. "Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀?"

"Ẹ wo ilé yìí o! Ibo la fẹ́ kó wọn sí?"

"Ṣebí abẹ́ tábìlì ṣófo."

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀, mo pariwo, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi ń lélẹ̀. Láìpẹ́ gbogbo rẹ̀ rúwé. Ọkọ mi gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí yàrá.

Ni mo bá dọ́gbọ́n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n sùn, mo kó àwọn agolo náà, mo lọ da ohun inú wọn sí ààtàn ẹ̀yìn ilé. Wọ́n jí, wọ́n wò yíká, wọ́n tún fẹ̀yìn tì. Mo rò pé ó ti parí, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Orí ààtàn ni mo ti bá wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀ka sínú ìró wọn. Ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ lára báńdéèjì.

"Ṣé kí wọ́n gé ẹsẹ̀ yín lẹ fẹ́ ni? Nítorí fúláwà lásánlàsàn!" Igbe ni mo fi sọ ọ́, àwọn ará ilé kejì yọjú.

Ìyá mi nàró. "Kì í ṣe nítorí fúláwà," wọ́n ní. "Látìgbà tí mo ti dé, ẹ̀ ń fún mi lóúnjẹ, ẹ̀ ń fún mi lóògùn. Ṣùgbọ́n bílẹ̀ bá mọ́, kò sí nǹkan kan tí mo fẹ́ lọ wò bóyá ó ti hù. Mò ń lọ sí Ìdógùn lọ́la."

Mo tún egbò náà wẹ̀, mo tún un dì. Bí mo ṣe ṣe tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Inú ń bí mi, ó dé góńgó: mò ń bínú sí wọn, mò ń bínú sí egbò, mò ń bínú sí gbogbo ewé tó wà láyé. Mo mú ọkọ́, mo lọ wa erùpẹ̀ kún báàfù kan, mo gbé e síwájú wọn gbì.

Wọ́n wò ó. Wọ́n bu díẹ̀, wọ́n fi ìka rún un.

"Iyanrìn ti pọ̀ jù nínú èyí," wọ́n ní. "Lọ wá èyí tó dúdú."

Mò ń kùn lọ, mò ń kùn bọ̀. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti tú ẹrù wọn.