Ìlà Méjì fún Ojú Ìyá Mi

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ṣàlàyé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí ojú ìyá mi, mi ò ní lè ṣàlàyé rẹ̀ délẹ̀. Gbogbo rẹ̀ rú mi lójú nígbà náà, ó sì tún ń rú mi lójú báyìí.

Ewé àgbàdo ló gé ìyá mi lójú nígbà tí wọ́n ń kórè lóko. Ojú òsì ni, òun nìkan ló sì kù tó ń ríran, nítorí ọ̀tún ti fọ́ tipẹ́. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ra oògùn ojú kan lọ́jà Ìpàta, wọ́n ń kán an, kò sì ta wọ́n mọ́. Ìgbà tí mo fi máa mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ládùúgbò Adéwọlé, àmì funfun kan ti wà lórí ẹyinjú wọn, ó tó hóró ìrẹsì. Wọ́n ní kò dun àwọn. Èmi náà rò pé ohun tí kò bá ti dun èèyàn mọ́, ó ń lọ nìyẹn.

Nílé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan yẹ oògùn Ìpàta náà wò, ó sì káwọ́ lórí. Ó ní ìrora lásán ni oògùn yẹn ń pa. Bó bá jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì ló wà nínú egbò náà, irú ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu, ńṣe ni oògùn náà ń ràn án lọ́wọ́. Oògùn tó ń tu ojú lára, tó tún ń ba ojú jẹ́! Mo ní kó tún un sọ.

Ó ha díẹ̀ lára egbò náà, ó wò ó nínú ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, kò rí nǹkan kan. Ló bá mú páálí pẹlẹbẹ kan jáde, ó ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán an wò ni. Ó gba omijé ìyá mi díẹ̀, ó kán an sí i.

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò nìyí?"

"Oyún kẹ̀?" ni ìyá mi dáhùn. "Bàbá yín ti kú tipẹ́, wàláì."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọ-ogun tó ń bá àìsàn jà nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sórí páálí náà. Bí wọ́n bá rí fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú omijé, wọ́n á gbá a mú, ìlà kejì á yọ. Mo bi í pé ẹ̀jẹ̀ ta ni. Ó ní ara eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí wọn.

"Eku!" Ìyá mi fà sẹ́yìn. "Dókítà, ṣé kò ní ba àlùwàlá mi jẹ́?"

"Páálí náà ò kan ojú yín, Màmá. Omijé yín ló lọ bá a."

Ìlà kejì yọ, bàìbàì. Ẹ̀rọ ní kò sí, páálí ní ó wà. Èwo ni ká gbà gbọ́? Dókítà ní bí ojú náà ṣe rí, páálí ni òun máa tẹ̀ lé, àmọ́ ọwọ́ wa ló kù sí. Inú bí mi sí i. Kí ló dé tó jẹ́ èmi ló ń bi? Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì.

Bí a ṣe dá oògùn Ìpàta dúró, ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n gidi. Wọ́n ń ké, wọ́n ní àwọn ò rí ojú mi mọ́, pé mo fẹ́ fọ́ àwọn lójú. Mò ń kán oògùn, mò ń ṣàdúà, mi ò mọ̀ bóyá mò ń tọ́jú ojú tó kù ni àbí mò ń fọ́ ọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe fẹ́ kán an, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Rẹ́rìn-ín kí n wò ó."

Mo gbìyànjú.

"Mo ní kí o rẹ́rìn-ín," ni wọ́n wí, "o wá ń sunkún."